Gìtá Tí Kò Gbọdọ̀ Mọ̀ Pé Mo Lọ

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun orí mi fi funfun ni pé mo máa ń dúró sẹ́yìn gìtá tó ń dúró fúnra rẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, ohun tó máa ń bi mí ni pé, "Bí gìtá bá ń dúró fúnra rẹ̀, kí ni ìwọ wá ń ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí díẹ̀. Kì í ṣe pé inú ń bí mi o. Ó máa ń rí lára mi bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà tuntun jáde tí kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo iwájú, tí ẹ ń wo ẹ̀yìn, tí oorun kò kùn yín. Mo mọ bó ṣe ń rí. Èmi náà ti jẹ́ ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tó sì ní ẹ̀rù nínú. Ìwé ẹ̀rí náà ti gbó báyìí. Ẹ̀rù náà ṣì wà bí ọjọ́ tí mo gbà á.

Ní ayé Rèfólúsíọ̀n, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ni mo gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama. Nígbà náà, kámáráàdì ni gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá ilé ìwé, kámáráàdì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tchaourou, kámáráàdì. Ìyá mi nìkan ni kò gbà. Ó ní ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn pọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Ìjọba ní kí àwa tí a gba báàkì lọ fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo lọ, mo ṣe é ní Sanson, mo padà wálé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de iṣẹ́ ìjọba. Bàbá mi, tó ń gbin iṣu ní Goro, wò mí títí, ó ní, "Ráímì, ẹni tó ń dúró de òjò kì í jókòó sínú yàrá. Ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

N kò kórìíra oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá mú ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sí ẹni tí yóò rántí mọ́ pé mo kàwé. Ẹ̀wẹ̀, bí n kò bá mú un, ojú yóò máa tì mí bí mo bá ń jẹ iyán. Ẹ̀rù méjèèjì ń bá ara wọn jìjàkadì nínú mi, èmi tí mo jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ni mo ń fara gbọgbẹ́.

Mo ti kọ́ gìtá díẹ̀ ní ilé ìwé. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá ojú irin lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ Ọkẹ́sìtà Ìrẹ́pọ̀ tí wọ́n ń dánra wò nínú ilé òwú àtijọ́ kan. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn: ẹni tó ń ta gìtá kejì fún wọn ti sọdá sí Nàìjíríà, àyè rẹ̀ ṣófo, mo wọ inú rẹ̀. Ti owó, ẹ má bi mí.

Tonton Barnabé ni olórí wa. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Tonton, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn bí oòrùn tilẹ̀ ń jó igi. Ohun tó gba ojú mi lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ ni pé gìtá àgbà, èyí tó ń ṣe sòlò, tó ń dá dún láàárín orin, kò kọ́ ọrùn ẹnikẹ́ni. Ó dúró láàárín ilé lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Irin náà ní ọwọ́ méjì tó gbá ìbàdí gìtá mú, gìtá wá dábùú ní ọ̀gangan ikùn bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pe irin náà. Ẹni tó bá fẹ́ ta gìtá yóò rìn lọ bá a, yóò ta á, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bó bá parí.

Mo bi Tonton pé kí ló dé tí a kò fi gbé e kọ́rùn bíi ti gbogbo ayé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ní àna?"

"Rárá, Tonton."

"Ìdí nìyẹn tí o fi ń béèrè."

Sabi, onílù wa, ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn. Ní àgbègbè wa, bí àgbà bá wọ ibi tí a ti ń ṣeré, orin kì í ṣe àwáwí. Ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, pàápàá fún àna. Bàbá ìyàwó ẹni kò lè wọ agbo kí ènìyàn máa mi orí sí i lásán bí alángbá. Tonton wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sanson, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀, orin ti wọra, ni bàbá ìyàwó rẹ̀ bá wọlé. Tonton kò ronú. Ó da ara rẹ̀ délẹ̀ gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré, gìtá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọrùn gìtá dá. Àpótí ohùn gbé ariwo náà dé òpin abúlé: gbàà!

Bàbá àgbà náà dúró. Ó ní, "Barnabé, kí ló dún yẹn?"

Tonton wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Ìkíni ni, Bàbá."

Láti ibẹ̀ ló ti gba Parakou lọ, tó bá ẹnì kan tó ń jó irin mọ́ irin, tí ìyẹn fi irin kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣe Ẹsẹ̀ fún un. Ó ní òun kò ní fi àna du gìtá, òun kò sì ní fi gìtá du àna.

Mo rò pé orin ni yóò kọ́ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ ló kọ́ mi. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Lọ kí àgbà, kí o padà, kí gìtá má mọ̀ pé o lọ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìlù tó yí ká padà sí ibi tí o ti fi í sílẹ̀, àyà rẹ gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti dìde, ìka rẹ gbọ́dọ̀ ti wà lórí okùn tó yẹ. Bí ẹni tó dijú bá ń gbọ́ orin náà, kò gbọdọ̀ fura pé ẹnikẹ́ni ṣípò padà. Ẹ sì má rò pé ènìyàn kàn lè sáré fò mọ́ gìtá tó wà lórí Ẹsẹ̀. Bí o bá fò mọ́ ọn, yóò mì, yóò sì han goro. O gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn bí Fúlàní ṣe ń súnmọ́ màlúù tó fẹ́ fún wàrà rẹ̀: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe òun lo bá wá.

Tonton yóò jáde kúrò nínú ilé òwú, yóò sì tún wọlé bí ẹlòmíràn. Ó wọlé bí ìmáàmù, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó wọlé bí olórí abúlé, ó ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kan ó fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ borí, ó ń yan bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ni mí?"

"Ìyá àna mi, Tonton."

"Kí ló wá dé tí o ń wò mí lójú?"

Bí mo bá ṣe é dáadáa, kì í sọ nǹkan kan. Bí n kò bá ṣe é dáadáa, yóò mi orí, yóò ní, "Gìtá mọ̀." Gbogbo èébú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó sì dùn mí ju pàṣán lọ. Gìtá mọ̀, tún un ṣe. Gìtá mọ̀, tún un ṣe. Nígbà mìíràn mo máa ń sùn sílẹ̀ níbẹ̀, àyà mi nínú eruku òwú, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ka fìlọ́sọ́fì. Ìyá mi tó ń fọ aṣọ mi kò mọ ohun tí ì bá rò. Ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mọ́ tónítóní, iwájú rẹ̀ sì pupa bí ojú ọ̀nà Kika.

"Ráímì, ṣé orin ni ẹ ń kọ níbẹ̀, àbí ẹ ń fi àyà kọ ebè?"

Lẹ́yìn ìkórè iṣu, a lọ ṣeré ní Kika. Tonton ti ń jẹ́ kí n dúró sídìí Ẹsẹ̀ nígbà náà bí òun bá ń kọrin. Nígbà tí a sinmi, ọmọbìnrin kan wá dúró níwájú gìtá, ó ń wo irin rẹ̀ yíká.

Ó ní, "Kámáráàdì onígìtá, ṣé ó sọ fún ọ pé ó ti rẹ òun ni o fi bá a wá ìjókòó?"

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí èsì fún un, ó sì dára gan-an, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Sàlámátù ni orúkọ rẹ̀. Mo wá ìdí láti padà sí Kika, mo tún wá ìdí mìíràn. Nígbà tí ìdí tán, mo ní láti lọ rí bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Alaji Yésúfù, àgbẹ̀ oníṣu tí gbogbo Kika mọ̀. Ó gbé mi jókòó, ó fún mi ní omi, ó béèrè àwọn ènìyàn mi ní Goro lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ti báàkì, ó mi orí, ó ní ó dára. Ó wá ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Gìtá ni, Bàbá."

Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rí àwọn onígìtá. Wọ́n á so igi kọ́rùn bí ewúrẹ́ tó ń jẹ oko olóko. Àgbà á kọjá, wọn á ní àwọn kò lè tẹ̀, igi wà lọ́rùn àwọn. Ọmọ, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ọkùnrin kí àna rẹ̀, iṣẹ́ náà ti di àna rẹ̀ nìyẹn. Kí ó lọ máa sìn ín."

"Bàbá, tiwa kì í kọ́ ọrùn. Ó ń dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, n óò fi í sílẹ̀, n óò dọ̀bálẹ̀."

"Ẹnu ni ìyẹn. N óò wá fojú ara mi rí i. Bí àyà rẹ bá kan ilẹ̀, kí o gbé ẹrù ìdána wá. Bí kò bá kan ilẹ̀, kí n má rí ọ ní ẹnu ọ̀nà mi mọ́. N kò ní sọ ọjọ́ tí mo ń bọ̀."

Kí n ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe fún ọkàn mi. Ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ fún lè fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ náà. Èmi, lójoojúmọ́ ni mo ní láti wọ tèmi bí ẹ̀wù. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò bí a bá ń ṣeré. Fìlà funfun ni Alaji máa ń dé, nítorí náà gbogbo fìlà funfun tó bá yọ, mo ti wà nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Fúlàní kan tó wá wá màlúù rẹ̀ tó sọnù. Ó rò pé èmi ni mo jí i. Mo dọ̀bálẹ̀ fún awakọ̀ tó gbé páálí lémónáàdì wá.

Tonton fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ráímì, ta lo kí yẹn?"

"Fìlà rẹ̀ ló funfun, Tonton."

"Ìyẹn kì í ṣe fìlà. Aṣọ ìnujú ló fi di orí nítorí oòrùn." Ó wò mí, àánú mi ṣe é díẹ̀. "Ó kéré tán, gìtá kò mọ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ọjọ́ tí Tchaourou ń ṣe àjọ̀dún ìkórè. Àwọn àgbẹ̀ yóò kó iṣu wá pàtẹ, àlejò ńlá kan ń bọ̀ láti Parakou, àwa ni a óò ṣeré lọ́sàn-án gangan. Ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Jérómù ni wọ́n fi ṣe alákòóso ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń ba òun náà bíi tèmi, àmọ́ òun ní fèrè lọ́rùn, ó sì ń fi í lé ẹ̀rù tirẹ̀ bá àwọn ẹlòmíràn. Ó wá bá wa nídìí pèpéle.

"Kámáráàdì, ẹ gbọ́. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ lórí pèpéle lónìí. Ìwà ayé àwọn baálẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, Rèfólúsíọ̀n ti fi í sílẹ̀. Ìkúùkù ni kí ẹ nà sókè. Ìjọba ló ni gìtá yẹn. Bí mo bá rí àyà ẹnikẹ́ni nílẹ̀, mo kó o, ọkẹ́sìtà tán."

"A ti gbọ́, kámáráàdì," ni Tonton wí. Nígbà tí Jérómù lọ, ó yíjú sí mi. "Ṣé àna rẹ ń bọ̀ lónìí?"

"N kò mọ̀, Tonton. Kì í sọ ọjọ́."

"Bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀."

Ọkọ̀ ẹ̀yìn katakata, èyí tí wọ́n fi ń kó òwú, ni wọ́n tẹ́ pákó lé lórí fún wa. Gúrúpù, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná, ń dún lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wà níwájú pèpéle, gìtá wà lórí rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Tonton bẹ̀rẹ̀ orin, mo wọ inú sòlò, ó sì ń lọ dáadáa. Àlejò láti Parakou, ọkùnrin abikùn kan tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ eérú, ti jókòó níwájú. Ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dé láti Kika, iṣu kún inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Jérómù fọn fèrè, ó kó wọn wá sí iwájú kí àlejò lè rí wọn. Fìlà funfun kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àlejò náà gan-an. Lábẹ́ fìlà náà, Alaji Yésúfù ń wò mí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró tì mí níbẹ̀ díẹ̀. Bí n kò bá tẹ̀, Sàlámátù lọ. Bí mo bá tẹ̀, gìtá lọ, Tonton àti Sabi lọ, ilé òwú dákẹ́, èmi ni mo sì fà á. Mo wo Tonton, Tonton ń wo ojú ọ̀run. Ọpọlọ mi, tí ìjọba ti fi ọ̀pọ̀ ìwé bọ́, kò rí ọ̀nà kankan. Ara mi ló dáhùn. Ìlù dé ibi tí mo máa ń lọ, mo sì lọ. Bí mo ṣe ń ṣubú lọ ni mo rántí ìkúùkù. Àyà mi kan pákó, ọwọ́ ọ̀tún mi sì nà sókè, mo di ìkúùkù náà pinpin.

Kò tíì sí ẹni tó kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún kí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, pákó fò sókè ní ìhà kejì. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ irin náà yọ̀, ó bọ́ sí àárín pákó méjì. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò já bọ́ o. Ó ń tẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀, títí orí rẹ̀ fi dé iwájú Alaji. Wáyà fà á mú, ó dúró níbẹ̀ ní dídọ̀bálẹ̀. Àpótí ohùn wá han: wúùùùù! Àwọn awó fò kúrò lórí òrùlé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Jérómù ti fi fèrè sẹ́nu, kò lè fọn ọ́n. Tonton wo gìtá, ó wò mí nílẹ̀, ó wo àlejò. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Kámáráàdì, ẹ wò ó! Irinṣẹ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbẹ̀!"

Àlejò dìde. Ó wo àwọn àgbẹ̀ Kika, ó wo gìtá tó tẹ̀ síwájú wọn. Ọkùnrin náà na ìkúùkù sókè.

"Ó dára gan-an! Irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bọ́ wa. Ẹ tún un ṣe!"

Ariwo ta. Jérómù rí èémí rẹ̀ padà, ó fọn fèrè kíkankíkan. "Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe! Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn!" Sabi ní láti rá kòrò lọ sẹ́yìn Ẹsẹ̀ láti máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bá wa, tí gìtá ń dọ̀bálẹ̀, tó ń dìde, títí orin fi tán.

Alaji wá bá mi lẹ́yìn. Mo tún dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ gidi.

Ó ní, "Mo rí i tí o dọ̀bálẹ̀. Mo rí igi rẹ náà tó dọ̀bálẹ̀, tirẹ̀ sì dára ju tìrẹ lọ, nítorí òun kò na ìkúùkù sí mi. Ta lo fẹ́ lù?"

"Kò sí, Bàbá. Ti Parakou ni ìkúùkù yẹn."

"Ṣé ti Parakou ni? Ó dára. Gbé igi rẹ wá sí Kika lọ́jọ́ Jímọ̀. Parakou kò sí níbẹ̀."

Èmi, Tonton àti Sabi ni a jọ lọ. Kò sí gúrúpù ní agbo ilé Alaji, nítorí náà ohùn gìtá tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn, Sabi sì ń lu ẹ̀yìn igbá. Àwọn àgbà ẹbí jókòó sí abẹ́ igi. Alaji ní kí n máa ta á. Nígbà tí orin wọra, ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde ní ẹnu ọ̀nà. Ó tún wọlé bí ẹni tó ti oko dé. Mo fi gìtá sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo padà. Sabi ń lu igbá rẹ̀ lọ.

Alaji wo Tonton. "Báwo ló ṣe padà tí orin kò já?"

"Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ni, Alaji. Kí ó kí àgbà, kí ó padà, kí gìtá má mọ̀ pé ó lọ."

"Kí gìtá má mọ̀?"

"Kí gìtá má mọ̀ rárá."

Alaji tún jáde. Ó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Mo dọ̀bálẹ̀, mo padà. Ó jáde, ó bá ewúrẹ́ wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo padà. Àwọn àgbà ti ń fi ọwọ́ lu itan, ẹ̀rín Sàlámátù ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, òógùn ti bò mí lójú. Ìyá Sàlámátù jáde síta.

"Alaji, ó tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi. Ilẹ̀ àgbàlá wa ti wà lára ẹ̀wù rẹ̀ tán."

Alaji wà ní ẹnu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi ọ̀wọ̀ gbà mí wọlé báyìí."

Bí mo ṣe fẹ́ Sàlámátù nìyẹn.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yára. Gbogbo abúlé tó pè wá ló fẹ́ rí gìtá tó mọ àgbà, nítorí náà Tonton gbé Ẹsẹ̀ padà sí Parakou, wọ́n bá a ṣe orúnkún sí i, tí mo lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ kí gìtá tẹrí ba. Rèfólúsíọ̀n kọjá, àwọn kámáráàdì padà di Mùsíọ̀, ọ̀gbẹ́ni bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo pàdé Jérómù níbi ìgbéyàwó kan, ó ti sanra. Àna rẹ̀ wọlé, ó da ara rẹ̀ délẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bíírò inú àpò rẹ̀ dá. Ó gbójú sókè, ó rí mi lórí pèpéle.

"Ráímì, ṣé o gbọ́ nǹkan tó dún?"

"Ìkíni ni, Mùsíọ̀."

Tonton kú, ó fi Ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Iná mànàmáná dé, gúrúpù lọ. Àwọn ọmọ tuntun gbé dùùrù oníná wá tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Irú Ẹsẹ̀ wa wà lọ́jà báyìí, ó fúyẹ́, ó ń ká bí àga, ṣùgbọ́n kò ní orúnkún. Mo máa ń wò ó lọ́jà, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe mí. Bí ẹ bá wá ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ yàn, ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: ẹ wá èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ díẹ̀ láti lọ kí ènìyàn yín, kí ẹ sì tún bá a níbi tó wà.

Alaji Yésúfù kò fi àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Níbikíbi tí a bá ti ń ṣeré ní àgbègbè wa, orin ní láti kọ́kọ́ wọra kí ó tó yọjú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń pẹ́ ni. Títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tí wọ́n ń fi ọ̀kadà gbé e wá, ẹ̀yìn igi ni yóò fara pamọ́ sí títí di ìgbà tí mo bá wọ inú sòlò.

Nígbà tí ọmọ wa obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Kika, wọ́n gbé e wọlé lórí àga. Mo rí fìlà funfun náà. Ìlù dé ibi tí mo máa ń lọ, mo fi gìtá sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀ dáadáa. Orúnkún mi kọ̀. Mo tì í, ó kọ̀. Ìlù yí ká, ó padà dé àyè mi, àyè náà ṣófo. Gìtá dá dúró lórí Ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Gbogbo agbo ló gbọ́ ọ.

Alaji tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fi ọwọ́ lé mi lórí.

"Ráímì," ó rọra wí, "gìtá ti mọ̀."

"Ó ti mọ̀, Bàbá."

Mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, lórí ilẹ̀, kí wọ́n tó gbé mi dìde.